Màlúù, Koríko àti Elégédé: Ohun Tó Wà Nídìí Halloween

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa. Tí oṣù October bá ti ń parí lọ báyìí, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń gba ẹnu àwa òbí Yorùbá ní Amẹ́ríkà: ṣé kí ọmọ bá wọn ṣe Halloween ni àbí kó jókòó sílé? Pásítọ̀ á ní ìbọ̀rìṣà ni. Tíṣà á ní àṣà lásán ni. Ọmọ ní tiẹ̀, súìtì ló ń wò. N kò ní dá ẹjọ́ yẹn lónìí. Èyí tí mo fẹ́ ká tú palẹ̀ ni ohun tí tọ̀tún tòsì ń sọ láì yẹ̀ ẹ́ wò: pé inú ẹ̀sìn àbáláyé àwọn òyìnbó ni Halloween, Groundhog Day ti February àti ọdún ijó yí igi ká ti 1 May ti wá. Ó rí bẹ́ẹ̀ lápá kan. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tó dàgbà jù nínú wọn kì í ṣe òrìṣà kankan. Màlúù ni.

Nínú ìtàn àtijọ́ àwọn ará Ireland, ọjọ́ mẹ́rin ló pín ọdún: 1 November, 1 February, 1 May àti 1 August. Ti November ni Samhain, Sáwìn ni wọ́n ń pè é lẹ́nu; alẹ́ tó ṣáájú rẹ̀, 31 October, ni Halloween òde òní. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ darandaran á tètè rí ohun tó so ọjọ́ wọ̀nyí pọ̀. Ní 1 May koríko ti hù, wọ́n á kó màlúù gun òkè lọ jẹko. Ní 1 November koríko ti ń kú, òtútù ti dé, màlúù gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wálé. Ìṣirò wá bẹ̀rẹ̀: koríko gbígbẹ tó wà nílẹ̀ yìí, ẹran mélòó ló lè gbà á là? Èyí tí kò bá ní rí i jẹ títí di ìgbà ìrúwé, wọ́n á pa á. Ẹran á pọ̀, iná ńlá á máa jó, ẹbí á pé jọ. Òru ìpààrọ̀ ọdún ni, wọ́n sì gbà pé lóru yẹn, ilẹ̀kùn tó wà láàárín ayé àti ọ̀dọ̀ àwọn tí a kò rí máa ń ṣí. Ìgbàgbọ́ yẹn wà lóòótọ́. Ẹ má gbàgbé ṣáá pé àwọn àlùfáà Kìrìsìtẹ́nì ló kọ ìtàn náà sílẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ̀sìn tuntun ti gba ilẹ̀ náà pátápátá.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa gbọ́ jù ni pé Póòpù ló fi Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ bo Samhain mọ́lẹ̀. Ẹ rọra gba ìyẹn gbọ́. Póòpù Gregory Kẹta ya ilé àdúrà kan sí mímọ́ fún gbogbo ẹni mímọ́ ní Róòmù ní ọ̀rúndún kẹjọ. Nígbà tó fi máa di 835, lábẹ́ Gregory Kẹrin, 1 November ti di ọjọ́ ọdún ní gbogbo ilẹ̀ ọba àwọn Frank, ìyẹn apá tó pọ̀ nínú ilẹ̀ Faransé àti Jámánì òde òní. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà náà, 20 April ni àwọn ará Ireland fúnra wọn ń ṣe tiwọn. Bó bá jẹ́ pé nítorí Samhain ni wọ́n ṣe yan ọjọ́ náà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ni Samhain ni ì bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé-dé-ilé tí àwọn ọmọdé ń lọ ńkọ́? Ti ìjọ Àgùdà ni gbòǹgbò èyí tí a rí dì mú. Ìgbà tí ọ̀rúndún kẹwàá ń lọ sópin ni Odilo, olórí ilé àwọn mọ́ńkì ní Cluny ní ilẹ̀ Faransé, fi 2 November lélẹ̀ fún àdúrà lórí àwọn òkú. Ní England, àwọn tálákà á lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n á gba àkàrà òyìnbó kékeré kan, wọ́n á sì gbàdúrà fún òkú ilé náà. Àkàrà fún àdúrà: òwò tó mọ́ ni. Ní Scotland àti Ireland, àwọn ọmọ á para dà, wọ́n á fi ewì tàbí orin gba èso àti ẹ̀pà. Àríwá Amẹ́ríkà ló yọ àdúrà àti orin kúrò, tó fi ìhàlẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ìwà jàgídíjàgan àwọn ọ̀dọ́ lóru yẹn wá pọ̀ débi pé ní 1920, ìlú Anoka ní Minnesota ṣètò ìwọ́de àti súìtì kí ọwọ́ wọn má baà dilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ọwọ́ kan nǹkan gan-an. Tọ́nípù, irúgbìn oníṣu líle kan, ni wọ́n ń gbẹ́ fi ṣe fìtílà olójú ní Ireland àti Scotland, kì í ṣe elégédé, iṣẹ́ agbára sì ni. Wọ́n á gé orí rẹ̀ kúrò fún ìdérí. Wọ́n á fi ọ̀bẹ fa ilà ìbú àti òró sí inú rẹ̀ kí ṣíbí lè rí ibi mú, wọ́n á wá máa ha á díẹ̀díẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1. Ṣíbí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò ràn án, ṣíbí ló máa tẹ̀. Wọ́n á lu ihò méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún okùn, wọ́n á fi kùkùté àbẹ́là sínú rẹ̀. Bí iná bá ti mú un, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé, láàárín ọjọ́ mélòó kan á sì hunjọ, ojú tí wọ́n gbẹ́ á wá burú ju bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ lọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè Ireland tó wà ní Turlough, ní ẹkùn Mayo, ní ère ọ̀kan tí wọ́n ṣe láti ara tọ́nípù ará Fintown ní Donegal: ojú hunjọ, eyín yọ síta. Ẹni tó bá rí i kò ní pe ti elégédé ní ẹlẹ́rù mọ́. Àkọsílẹ̀ tó ṣe gúnmọ́ nípa fìtílà yìí, ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló pọ̀ sí. Kò sí ẹ̀rí pé àlùfáà ìgbàanì kankan gbẹ́ ọ̀kan rí. Ìtàn Jack Ahun tí wọ́n so mọ́ ọn, ẹni tó tan èṣù jẹ títí ọ̀run rere àti ọ̀run àpáàdì fi kọ̀ ọ́, ìtàn àlọ́ Kìrìsìtẹ́nì pọ́nńbélé ni. (Èṣù Bíbélì ni mo ní lọ́kàn o, ẹ má jẹ́ kí àwọn oníṣẹ̀ṣe bínú.)

Ìyàn ńlá 1845 sí 1852 ló lé àwọn ará Ireland tó lé ní mílíọ̀nù kan jáde nílé, púpọ̀ nínú wọn sì gba Amẹ́ríkà lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá elégédé pàdé, irúgbìn tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń gbìn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tó ti ibẹ̀ náà rìn dé oko àwọn baba wa. Inú rẹ̀ ṣófo fúnra rẹ̀, ẹran ara rẹ̀ rọ̀. Ó tó, ọmọdé náà lè gbẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ máa gbẹ́ ẹ, ẹ gbọ́. Irú tí wọ́n ń pè ní Howden, tí àgbẹ̀ kan ní Massachusetts mú jáde, ni wọ́n ń tà jù fún gbígbẹ́: ó ga, ìdí rẹ̀ pẹrẹsẹ, igi orí rẹ̀ nípọn. Kò dùn-ún jẹ, ẹ má ṣe é lọ́bẹ̀. Ẹ yan èyí tí igi orí rẹ̀ gbẹ tó sì le, ẹ má sì fi igi náà gbé e, nítorí tó bá já, ibẹ̀ ni ìjẹrà á gbà wọlé. Tí ẹ bá máa gé ìdérí, ẹ dẹ ọ̀bẹ náà sínú, kì í ṣe gbọnrangandan. Gígé gbọnrangandan ló ń jẹ́ kí ìdérí jábọ́ sínú. Ẹ gé igun kan sí etí rẹ̀ kí ẹ lè mọ bó ṣe jókòó. Ẹ ha apá tí ojú máa wà títí á fi ku sẹ̀ǹtímítà 2.5. Tó bá nípọn jù bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò ní là á já. Tó bá fẹ́lẹ́ jù, á dì kọ́ńkó láàárín ọjọ́ méjì. Ayùn kékeré eléyín ni kí ẹ lò, ọ̀bẹ ìdáná máa ń yọ̀, ọwọ́ ló sì ń bá. Ojú àti imú ni kí ẹ kọ́kọ́ gé, ẹnu ló máa kẹ́yìn, torí ihò ńlá ló ń gba agbára lára rẹ̀. Ẹni tó bá máa fi àbẹ́là sí i gbọ́dọ̀ lu ihò sí ìdérí kí ooru rí ọ̀nà jáde. Iná bátìrì kò nílò ìyẹn.

Ìjẹrà ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ po ṣíbí ìjẹun bílíìṣì kan mọ́ omi lítà mẹ́rin, ẹ fi fọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ wá fi fàsílínì pa etí gbogbo ibi tí ẹ gé. Síbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta sí méje náà ni, nítorí bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbẹ́ tiẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ October kò ní bá a ní ọjọ́ ọdún. Ti kóró rẹ̀, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi iyọ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ sá a gbẹ, kí ẹ yan án nínú ààrò ní 175°C fún nǹkan bíi ogún ìṣẹ́jú. Èyí tí àwa ń lọ̀ dípò ẹ̀gúsí yàtọ̀ o. Irú aláìléèpo ni wọ́n ń tà fún ìyẹn, èèpo ti Howden le.

Ní báyìí, ìbéèrè pásítọ̀: òrìṣà dà níbẹ̀? Ẹ wo Cuba ní 4 December, ọjọ́ Santa Bárbara. Àwọn Lukumí, ìyẹn àwọn tó ń ṣe ẹ̀sìn Yorùbá níbẹ̀, fi ère ẹni mímọ́ síta, ṣùgbọ́n Ṣàngó ni wọ́n ń pè. Wọ́n dárúkọ rẹ̀, àmàlà àti ilá wà fún un, àgbò wà, bàtá ń dún, àwọn tí wọ́n ṣe òrìṣà sí lórí sì wà níbẹ̀. Bí ẹ̀sìn ṣe ń yè lábẹ́ aṣọ ẹlòmíì nìyẹn. Ẹ wá irú rẹ̀ wá fún mi nínú Halloween: orúkọ ta ni wọ́n ń pè? Oúnjẹ ta ni? Ta ló ṣe awo rẹ̀? Kò sí. Ọjọ́ ló kù, àti iṣẹ́ ọwọ́.

Ibi kan wà tí mo gbà pé òrìṣà wà: 1 February ni ọjọ́ Brigid, tí ìwé àtijọ́ Ireland pè ní abo-òrìṣà, tó tún jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́. Àsìkò tí wàrà ń wá sí ọmú àgùntàn ni. Ṣùgbọ́n Brigid kọ́ ló wọ ọkọ̀ dé Pennsylvania. Àwọn ará Jámánì ló dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ kejì rẹ̀, 2 February, ọjọ́ tí ìjọ ń bù kún àbẹ́là, ogójì ọjọ́ lẹ́yìn Kérésìmesì. Nílé wọn, ẹranko badger ni wọ́n ń wò: bí oòrùn bá ràn tó rí òjìji rẹ̀, òtútù ṣì pọ̀ nílẹ̀. Ní Pennsylvania, groundhog ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ẹranko inú ihò tó dà bí òkété tó sanra jù. Ní 1886 ìwé ìròyìn ìlú Punxsutawney kọ ọ́, ní 1887 wọ́n gòkè lọ sí Gobbler's Knob fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì ní Phil, groundhog akọni wọn, ti wà níbẹ̀ láti ìgbà yẹn. Wọ́n ní Phil kan náà ni, pé oògùn ẹ̀mí gígùn ni wọ́n ń fún un mu. Groundhog inú igbó kì í sábà ju ọdún mẹ́fà lọ.

Àwọn èèyàn máa ń fi Phil rẹ́rìn-ín pé kì í gba ìdajì àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Èmi kò bá a wí. Ní Yúróòpù, ojú ọ̀run tó mọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ February sábà ń wá pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tútù; ìkúukùu ló ń gbé ooru òkun wá. Ìmọ̀ àgbẹ̀ ni, ó kàn rin ìrìn-àjò dé ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà òtútù tí wọ́n sì ní ó kù bí Phil bá rí òjìji rẹ̀, kàlẹ́ńdà ni: láti 2 February sí ìgbà ìrúwé ní 20 March, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àtààbọ̀ ni.

Òwe àwọn àgbẹ̀ New England ló dùn mọ́ mi jù: ní ọjọ́ àbẹ́là, kí ìdajì igi ìdáná rẹ àti ìdajì koríko rẹ ṣì wà nílẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀. Láti 1 November sí 2 February, ọjọ́ 93. Láti ibẹ̀ sí 1 May, ọjọ́ 88. Ààrin gbùngbùn ni! Màlúù tó tó kílò 500 ń jẹ nǹkan bíi kílò 12 koríko gbígbẹ lóòjọ́. Fún ọjọ́ 88, ó lé ní tọ́ọ̀nù kan fún màlúù kan ṣoṣo. Ìdajì náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ tó, torí abo tó ń súnmọ́ ìbí ń jẹun sí i. Ẹni tó kó koríko rẹ̀ pamọ́ ní tútù tún wà nínú ewu méjì: á bu, tàbí kí ó gbóná nínú òkìtì títí á fi gbiná fúnra rẹ̀. Ní 2 February tí koríko bá ti lọ ju ìdajì, ẹran tó yẹ kó ti kú ní Samhain ló ṣì ń jẹun.

1 May ní tiẹ̀ kò rọ́wọ́ mú ní Amẹ́ríkà. Ní 1627, Thomas Morton, lọ́yà kan, gbé igi páínì ẹsẹ̀ bàtà 80 dúró ní ibi tó ń jẹ́ Quincy, Massachusetts, lónìí. Ó kan ìwo àgbọ̀nrín mọ́ orí rẹ̀, òun àti àwọn ọmọ onílẹ̀ mu bíà, wọ́n jó yí i ká. William Bradford, gómìnà Plymouth, ló kọ ọ́ pé ọdún òrìṣà Flora ti Róòmù ni wọ́n jí dìde. Morton náà ti kọ ewì tó kún fún orúkọ òrìṣà Róòmù, ṣùgbọ́n inú ìwé ni àwọn méjèèjì ti rí wọn. Àwọn abúléko England tó ń jó yí igi ká kò mọ Flora rí. Ẹ̀sùn tó ká wọn lára jù ni pé Morton ń ta ìbọn fún àwọn ọmọ onílẹ̀. Ní 1628 wọ́n mú un, wọ́n dá a padà sí England, John Endicott, aṣáájú àwọn òyìnbó ní Massachusetts, sì gé igi náà lulẹ̀. Ní Massachusetts kan náà ni wọ́n ti fi òfin de Kérésìmesì ní 1659, owó ìtanràn ṣílè márùn-ún, títí di 1681. Morton fúnra rẹ̀ sọ pé òpó náà ga tó láti fi ṣe àmì fún ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ náà rí i láti òkèèrè.

Ti Belsnickel, ọkùnrin aláwọ irun tó ń gbé pàṣán kiri Pennsylvania ní Kérésìmesì, la máa gbé yẹ̀ wò ní apá tó ń bọ̀. Ó dìgbà kan ná.