Inú náílọ́ọ̀nù bàbá sójà: kí ni ẹgbẹ́ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì ń ṣe gan-an l'Ábẹ́òkúta?

Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kọ́kọ́ bá mi wo ọwọ́ bàbá yìí ná. Náílọ́ọ̀nù búrẹ́dì ni wọ́n dì mú yẹn, wọ́n fi rọ́bà dè é. Wọ́n tú u, náílọ́ọ̀nù míì tún wà nínú ẹ̀. Wọ́n tú ìyẹn náà, ìwé kékeré kan ló jáde, etí ẹ̀ ti gbó, tádàwà ẹ̀ ti ń ṣá. Discharge book ni gbogbo wọn ń pè é, ìwé tí wọ́n fún bàbá lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò lẹ́nu iṣẹ́ sójà. Mo bi bàbá pé ọdún wo ni wọ́n bí wọn, wọ́n ronú díẹ̀. Mo bi wọ́n ní nọ́ńbà sójà wọn, háà, wọ́n nàró ṣánṣán lórí àga, wọ́n kà á láìkọsẹ̀.

Ìpàdé ẹgbẹ́ la wà yẹn, lápá Lafẹ́nwá níbí. Aago mẹ́wàá ni wọ́n dá, aago mẹ́wàá ò ì tíì lù tí gbogbo wọn ti jókòó, èmi tí mo fi ìṣẹ́jú méje pẹ́, bàbá kan kàn wo aago ọwọ́ ẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ojú tì mí ju kí wọ́n bú mi lọ.

Wàyí o, tí a bá ti gbọ́ sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ohun tó máa ń sọ sí wa lọ́kàn ni àwọn bàbá tí wọ́n máa ń fi hàn lórí tẹlifíṣàn tí wọ́n lọ jókòó síwájú ọ́fíìsì ìjọba l'Abuja torí owó wọn. Òótọ́ ni, owó wà ńbẹ̀. Àmọ́ ẹgbẹ́ bíi tiwọn yìí, iṣẹ́ méjì ló gbé dání: kí ìtàn má sọnù, kí ọmọ ẹgbẹ́ má sì dá jìyà. Èmi rò tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo máa fi hàn yín pé inú náílọ́ọ̀nù kan náà ni méjèèjì wà.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan, rìsáfù, ìyẹn ẹni tó ní iṣẹ́ tiẹ̀ àmọ́ tí wọ́n lè pè sógun. Ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, ẹ lè rí tíṣà tàbí mẹkáníìkì tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀, tó bá di òpin ọ̀sẹ̀ á wọ yunifọ́ọ̀mù lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tí ogun bá dé wọ́n á pè é. Lọ́dọ̀ tiwa náà, nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ìjọba ké sí àwọn sójà àtijọ́ pé kí wọ́n padà wá, títí kan àwọn tó ti ja ogun Bọ́má (Burma) nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹ̀yin ẹ rò ó wò, èèyàn ti lọ, ó ti bọ̀, ó ti fẹ́yàwó, ó ti ń ta ọjà ẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n ní kó tún wá gbé ìbọn.

Ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀gbá kankan ò lè sọ fún mi pé òyìnbó ló mú rìsáfù wá. Kí ni Líṣàbí ṣe? Kí Ẹ̀gbá tó débí rárá, nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú igbó Ẹ̀gbá lábẹ́ Ọ̀yọ́, àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ Aláàfin, wà káàkiri ìlú wọn, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n ń jẹ gàba. Líṣàbí ò pe ogun. Àáró ló dá sílẹ̀! Ẹ wá bá mi roko lónìí, màá bá ẹ ro tìẹ lọ́la, kò sí ìlàrí tó máa fura sí àwọn tó ń fi ọkọ́ roko. Àáró yẹn ń fẹ̀, ó ń gbilẹ̀, ó wá di Ẹgbẹ́ Olórógun, ọjọ́ kan pàtó wá pé, wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà káàkiri, àwọn ìlàrí tí wọ́n pa, ìtàn ní wọ́n lé ní 600. Ọ̀yọ́ rán ogun wá, Ẹ̀gbá lé wọn padà. Ẹni tó mú ọkọ́ láàárọ̀ ló mú idà nírọ̀lẹ́, kí lẹ tún fẹ́ pe ìyẹn?

Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń jagun lọ. Kò sí bárékè, kò sí owó oṣù. Balógun, Ọ̀tún, Òsì, Ṣẹ̀ríkí, kálukú ló ní oko ẹ̀, ló ní ilé ẹ̀, ló sì ní àwọn ọmọ ogun tó ń bọ́. Ní March 1851 tí Dàhòmì ya dé ẹnubodè Àró, tọkùnrin tobìnrin wọn tó ń jagun, àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ló dúró dè wọ́n lórí odi. Wọ́n tún padà wá ní 1864, wọ́n tún sá lọ. Ẹ má sì gbàgbé Ẹfúnróyè Tinúbú o, òun ló ń wá ìbọn àti ẹ̀tù fáwọn jagunjagun, torí ẹ̀ ni wọ́n fi jẹ ẹ́ ní Ìyálóde Ẹ̀gbá. Títí dòní oyè Balógun ṣì wà, wọ́n ń jẹ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Balógun mìíì láyé ìsinyìí lè má mọ bí wọ́n ṣe ń ki ìbọn. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí Bọ́má. Ogun Hítílà làwọn bàbá wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Jàpáànù ni wọ́n lọ bá jà níbẹ̀. Division méjì ni wọ́n kó láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ, 81 àti 82, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ nínú méjèèjì. Ẹ wo báàjì 81 yìí, aláǹtakùn dúdú lórí yẹ́lò, Ànáńsé inú àlọ́ àwọn ará Gánà ni. Ti 82 lèmi fẹ́ràn jù: ọ̀kọ̀ méjì tó gbé ara wọn lágbèélébùú, pẹ̀lú òṣùká. Òṣùká tí ìyá yín fi ń ru igi, òun ni wọ́n fi ṣe àmì ogun, torí inú igbó tí ọkọ̀ ò lè wọ̀, orí ni wọ́n fi ru ọta àti oúnjẹ.

Bàbá bàbá mi lọ. Wọ́n gba mẹ́dàlì ìràwọ̀ onígun mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní Burma Star. Ṣé ẹ mọ ibi tó wà báyìí? Èmi gan-an ni mo so ó mọ́ ajá wa lọ́rùn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ajá jáde láàárọ̀, ó padà wọlé lálẹ́, mẹ́dàlì ò bá a dé. Kò sẹ́ni tó nà mí torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́. Àwọn ìwé wọn tó kù, nígbà tí wọ́n fẹ́ kun ilé, wọ́n dáná sun ún pẹ̀lú páálí tí ikán ti jẹ.

Ìdí ẹ̀ rèé tọ́rọ̀ náílọ́ọ̀nù yẹn fi wọ̀ mí lára. Torí ìwé tó ń sọ ìtàn bàbá náà ló ń gba owó bàbá. Láti 2011 ni wọ́n ti yọ àwọn ológun kúrò nínú ètò pẹ́ńṣàn tí òṣìṣẹ́ àti ìjọba jọ ń dá owó sí, Military Pensions Board ló ń bójú tó tiwọn. Wọ́n á ní ẹ wá fi ojú hàn pé ẹ ṣì wà láyé, ẹ mú ìwé dání. Tí bàbá bá wá kú ńkọ́? Ìyá á mú ìwé ikú, á mú ìwé ilé-ẹjọ́, wọ́n á bi í ní nọ́ńbà ọkọ ẹ̀, á ní "sójà ṣá ni wọ́n". Orúkọ tó wà nínú ìwé lè jẹ́ orúkọ tí ọ̀gá sójà kan kọ bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́tí, ọ̀kan nínú àwọn bàbá yìí, lẹ́tà kan péré ló yàtọ̀ nínú orúkọ wọn, wọ́n fi ọdún méjì lọ, wọ́n fi bọ̀. Ohun tẹ́gbẹ́ ń ṣe níbẹ̀ ni pé akọ̀wé wọn ní ìwé ńlá kan, orúkọ, nọ́ńbà, ibi tí kálukú ti ṣiṣẹ́, orúkọ ìyàwó, orúkọ ọmọ. Opó bá dé, wọ́n á ṣí i. Wọ́n á tún wá àwọn méjì tó bá ọkọ ẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ tó lè sọ pé a mọ̀ ọ́n. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Ìtàn tí bàbá ń tún sọ lójoojúmọ́ táwọn ọmọ ń sá fún, òun náà lẹ̀rí.

Yàtọ̀ síyẹn, àáró ni. Owó tí wọ́n ń dá lóṣooṣù ò tó nǹkan, òun ni wọ́n fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fẹ́ni tó dùbúlẹ̀, òun ni wọ́n fi ń háyà bọ́ọ̀sì lọ síbi ìsìnkú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ wáyà nínú wọn ló ṣe iná ilé opó kan l'Ádàtán, kò gba kọ́bọ̀. Líṣàbí sọ àáró di ogun, àwọn bàbá yìí ti sọ ogun padà di àáró.

January 15 ni ọjọ́ ìrántí àwọn ológun. November 11 la ń ṣe é tẹ́lẹ̀ bí àwọn òyìnbó, àmọ́ January 15, 1970 ni ogun abẹ́lé parí, wọ́n sì gbé e lọ síbẹ̀. Ọ̀gágun tó ń darí ẹ̀ka ọmọ ogun ìjọba tí wọ́n ń pè ní 3 Marine Commando nígbà tí Biafra túúbá, ọmọ Òwu tiwa níbí ni, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Ní ọjọ́ yẹn wọ́n máa ń fun fèrè, wọ́n á gbé òdòdó kalẹ̀, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀. Èyí táwa máa ń wò nìyẹn, kí ẹyẹlé fò. Èmi ní kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn, níbi tí àwọn àgbàlagbà jókòó sí pẹ̀lú bẹ̀rẹ́ẹ̀tì wọn.

Ó dáa, bàbá wa dà? Nígbà tí akọ̀wé ń fi fóònù ya ìwé wọn ní ojú kọ̀ọ̀kan, fọ́tò kan já bọ́ láàárín ìwé. Sójà mẹ́rin, ìbàdí ni wọ́n dọwọ́ lé, ẹ̀yìn wọn ni ọkọ̀ lánrófà. Bàbá tọ́ka: èmi rèé. Èyí, ó kú ní Orè. Èyí, ó wà ní Ìbàràpá, a sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà ọdún iléyá. Èyí... Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà. Wọ́n gbé e yíká gbogbo yàrá, àwọn bàbá mọ́kànlá ló gbà á wò. Akọ̀wé kọ orúkọ mẹ́ta sẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú péńsù, ó fi àlàfo kan sílẹ̀. Bàbá dá a padà sínú ìwé, ìwé bọ́ sínú náílọ́ọ̀nù, náílọ́ọ̀nù bọ́ sínú náílọ́ọ̀nù, wọ́n fi rọ́bà dè é, ìgbà yẹn ni wọ́n tó gba ìgò mínírà tó ti ń dúró dè wọ́n látàárọ̀.