Wọ́n Fi Wúrà Lu Owó fún Igbó: Èló Ló Kan Igbó?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará Àjàṣẹ́, Porto-Novo, sọ)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín o.

Kí ẹni tó bá ní sẹ́fà onírin lápò yọ ọ́ síta. Ẹ wo ẹja tó wà lára rẹ̀, èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ayùn. Lára òṣùwọ̀n idẹ tí àwọn Akan fi ń wọn eruku wúrà láyé àtijọ́ ni wọ́n ti mú un, BCEAO, báǹkì àpapọ̀ tó ń ṣe owó sẹ́fà wa, sì sọ ọ́ di àmì owó orílẹ̀-èdè 8. Ẹja gidi ńkọ́? Ayùn ẹnu rẹ̀ a máa há sínú àwọ̀n, kì í rí ọ̀nà yọ. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ pátápátá ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. A ṣì ń ná àwòrán rẹ̀ lọ́jà Ouando lójoojúmọ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ fi owó yẹ́ igbó tàbí omi kan sí, èmi kì í kọ́kọ́ béèrè àwòrán. Èló ló kan igbó náà ni mo máa ń béèrè.

Ní 2016, National Park Service, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn igbó àti ilẹ̀ àdánidá tí ìjọba Amẹ́ríkà ń dáàbò bò, pé ọdún 100. Wọ́n lu owó ìrántí oríṣi mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ wúrà. Ojú Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, Theodore Roosevelt, àti ti John Muir, òǹkọ̀wé tó jà fún ìdáàbòbò igbó, ló wà lára ti wúrà náà, àpáta Half Dome ti Yosemite, igbó olókìkí kan ní California, sì wà lẹ́yìn wọn. Àwọn méjèèjì jọ sùn sínú igbó Yosemite ní 1903. Muir bẹ Ààrẹ pé kí ìjọba àpapọ̀ gba àfonífojì Yosemite lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ California, ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní 1906. UNESCO kọ Yosemite mọ́ ogún àgbáyé ní 1984.

Gíráàmù 8.359 ni owó náà wọ̀n, ìdá 90 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ wúrà. Wúrà pọ́ńbélé rọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lú u pọ̀ mọ́ irin mìíràn. Dọ́là 5 ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ta ni yóò fi wúrà tó lé ní gíráàmù 7 lọ ra búrẹ́dì?

Ohun tó wù mí jù kò sí lára owó náà rárá. Inú òfin ló wà. Kí wọ́n tó lu ẹyọ kan, òfin ti sọ pé dọ́là 35 yóò gun orí iye tí wọ́n ń ta wúrà kọ̀ọ̀kan, 10 fún ti fàdákà, 5 fún ẹ̀kẹta, pé National Park Foundation, àjọ tó ń wá owó fún àwọn igbó náà, ni yóò gbà á, àti pé ti wúrà kò gbọ́dọ̀ ju 100,000 lọ. Àjọ náà kò kàn ní tẹ́wọ́ gba owó: ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun náà ti wá iye tó tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ aládàáni. Ìjọba sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí owó iṣẹ́ rẹ̀ gbà padà. Ó le díẹ̀, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn.

Àwa náà ti lu wúrà rí. Dahomey, bí wọ́n ṣe ń pe Benin wa nígbà náà, ṣe owó wúrà àti fàdákà tó ní ọdún 1971 lára, fún ọdún 10 òmìnira. Omi wa náà ní orúkọ lágbàáyé: láti 2000 ni ilẹ̀ àbàtà ìsàlẹ̀ odò Ouémé, pẹ̀lú ọ̀sà Porto-Novo àti adágún Nokoué, ti wà nínú ìwé àdéhùn Ramsar, àdéhùn àgbáyé lórí ìdáàbòbò ilẹ̀ àbàtà.

Ìyá ẹlẹ́ja kan wá béèrè pé, “Olùkọ́, ọmọ mi, bí wọ́n bá lu tiwa, báwo ni owó náà ṣe máa dé ọ̀dọ̀ mi?”

Ìyá mi, kí wọ́n kọ ọ́ kí wọ́n tó lù ú ni: iye tó kan omi lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àpò tó ń wọ̀, àti àwọn tó ń fọwọ́ sí i. Kí àwọn apẹja Aguégués àti Ganvié jókòó níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ tèmi, oṣù tí ẹja ń yé ẹyin, tí a fẹ́ kí àwọ̀n sinmi, ni kí wọ́n máa fi owó náà bọ́ ilé apẹja.