Ihò Tó Ń Sọ̀rọ̀: Bí A Ṣe Ń Dá Sítáǹpù Tí Ilé-iṣẹ́ Lu Lẹ́tà Sí Lára Mọ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Kí ọ̀rọ̀ tó pọ̀, ẹ bá mi wo sítáǹpù kan. Sítáǹpù pupa ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ti bo ojú ọba tó wà lára rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Téèyàn bá kàn wò ó fìrí, á ní kòkòrò ló jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ dà á dé sórí bébà dúdú, kí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun kọjú sókè. Ihò kéékèèké tó wà lára rẹ̀ á tò di lẹ́tà, àmọ́ sódì: M ṣáájú H lókè, W ṣáájú O nísàlẹ̀. Ẹ wá yí i padà. HM ni, OW ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní His Majesty's Office of Works ló fi ẹ̀rọ lu ú bẹ́ẹ̀.

Perfin ni àwọn tó ń kó sítáǹpù jọ ń pe irú èyí. Kí ló wá lè mú kí èèyàn fowó ra sítáǹpù tán, kó tún máa dá ihò sí i lára? Ìfẹ́wọ́ ni. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, sítáǹpù kò yàtọ̀ sí owó ẹyọ. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ra èyí tẹ́nikẹ́ni kò tíì lò padà, wọ́n á kàn yọ díẹ̀ nínú owó rẹ̀ ni. Akọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ lè yọ mẹ́wàá nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá láàárọ̀, kó ti sọ ọ́ di owó kó tó dalẹ́. Ta ni yóò sì mọ̀? Gbogbo sítáǹpù ló jọra.

Àwọn kan ti kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Láti bí 1859 ni ẹgbẹ́ Oxford Union Society ti ń tẹ O.U.S. sójú sítáǹpù tiwọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tẹ orúkọ wọn sẹ́yìn, níbi tí gọ́ọ̀mù wà. Joseph Sloper ló wá mú ẹ̀rọ oníabẹ́rẹ́ dé. Ó ti ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dá ihò sí ìwé sọ̀wédowó lára tẹ́lẹ̀. Ní 1868 ni ilé ìfìwéránṣẹ́ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lò ó fún sítáǹpù. Copestake, Moore, Crampton & Co., oníṣòwò ní London, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó. Láti ìgbà náà, sítáǹpù tó bá ti ní lẹ́tà lára, ilé ìfìwéránṣẹ́ kò rà á padà mọ́. Olè lè jí i, ṣùgbọ́n kò rẹ́ni tà á fún.

Àṣà náà tàn dé Bẹ́ljíọ̀mù, Jámánì àti ilẹ̀ Faransé láìpẹ́. Amẹ́ríkà ní tiwọn kò gbà á láyè títí di 1908. Ìjọba pẹ̀lú ò gbẹ́yìn: OS tó jókòó lórí NSW jẹ́ ti ìjọba New South Wales ní Ọsirélíà, E ńlá kan ṣoṣo sì jẹ́ ti rélùwéè Bavaria nílẹ̀ Jámánì ní 1912. Ohun tó pa àṣà yìí ni ẹ̀rọ tó ń tẹ iye owó sára àpòòwé fúnra rẹ̀. Ibi tí kò bá ti sí sítáǹpù, kí ni olè fẹ́ jí?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe ń dá a mọ̀, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń tan èèyàn jẹ ni ìhà tí lẹ́tà kọ sí. Akọ̀wé tó ń ki sítáǹpù bọ ẹ̀rọ kò bìkítà. Ó lè kì í bọ̀ ọ́ lójú tàbí lẹ́yìn, lórí tàbí nídìí, tàbí kó dà á nà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tàbí òsì. Ọ̀nà mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má kánjú sọ pé ẹ ti rí WO. Ẹ yí i wò ní gbogbo ọ̀nà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Àwọn lẹ́tà kan tiẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́tàn: A, T àti V kì í yàtọ̀ tí wọ́n bá ti ẹ̀yìn lù wọ́n, M tó bá dorí kodò á fẹ́ jọ W, H, I àti O kò sọ nǹkan kan rárá. Ẹ wá R tàbí F nínú wọn. Àwọn wọ̀nyẹn kì í parọ́, bí ẹ ṣe wù kẹ́ ẹ yí wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka ihò. Ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, kí ẹ ka iye ihò tó wà nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi rúlà wọn gíga rẹ̀ ní mìlímítà. Ilé-iṣẹ́ méjì lè ní lẹ́tà kan náà, S àti Co, síbẹ̀ kí ihò mẹ́wàá wà nínú S ti ọ̀kan, kí mọ́kànlá wà nínú ti èkejì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ náà máa ń fi ara rẹ̀ hàn: ihò kan á sọnù ní ibì kan náà nínú sítáǹpù mélòó kan, ìyẹn á sì sọ fún yín pé inú ẹ̀rọ kan ni gbogbo wọn ti jáde. Àmọ́ tí ihò bá sọnù nínú sítáǹpù kan péré, ẹ fara balẹ̀. Ó lè jẹ́ pé bébà tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ló pọ̀ jù, tí abẹ́rẹ́ ò dé ìsàlẹ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àpòòwé sì ni ilé sítáǹpù. Lẹ́tà méjì péré lè jẹ́ ti ogún ilé-iṣẹ́. Òǹtẹ̀ á sọ ìlú àti ọjọ́ fún yín, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára àpòòwé ló ń parí ẹjọ́. Mo ti jẹ ìyà èyí rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àpòòwé kan bọ́ sí mi lọ́wọ́, orúkọ ilé-iṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ sínú omi kí sítáǹpù lè ṣí, mo sì ju bébà tó kù nù. Ìgbà tí sítáǹpù gbẹ tán ni mo tó rí D àti J lára rẹ̀. Orúkọ wo ni mo kà lẹ́yìn àpòòwé yẹn? Mi ò rántí títí di òní. Omi tiẹ̀ tún fà á ya láàárín ihò J, torí ibi tí ihò bá ti pọ̀, bébà ò lágbára níbẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà wà, bí wọn ò tilẹ̀ pọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ka sítáǹpù wa yìí sí alábùkù. Ẹ fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ẹ̀rọ máa ń gé bébà kúrò pátápátá ni, ihò á mọ́ róró. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ní tirẹ̀ kàn ń ti bébà jáde, á sì rí ṣágiṣàgi lódìkejì. Bí sítáǹpù bá ṣì wà lára àpòòwé, ẹ wo inú ihò fínnífínní. Yíǹkì òǹtẹ̀ máa ń gba inú ihò tòótọ́ bọ́ sára àpòòwé, á sì kán tótòtó síbẹ̀.

Ẹnì kan bi mí níjọ́sí pé ṣé kóun tò ó ní orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ni, àbí ní A, B, D. Èyí tó bá wu yín ni. Èmi ń tò ó ní ilé-iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́, mo sì ń dà wọ́n dé, kí ihò lè hàn. D àti J ṣì wà lójú ewé àwọn tí n kò tíì mọ olówó wọn. Mo fi àyè àpòòwé kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.