Ìkòkò Omi Ìyàwó Áténì: Dúdú Yẹn Kì Í Ṣe Ọ̀dà O

Ẹ káàbọ̀. Ìbéèrè yín lórí ìkòkò yìí ti pọ̀ jù, ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Loutrophoros nìyí, ọlọ́rùn gígùn, tí wọ́n fi ń pọn omi ìwẹ̀ ìyàwó láti orísun Kallirrhoe ní Áténì àtijọ́. Ẹlẹ́tí mẹ́ta ni mò ń ṣe.

Ọ̀tọ̀ ni mo mọ ẹsẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ikùn, ọ̀tọ̀ ni ọrùn. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gbẹ dé ìwọ̀n kan náà kí ẹ tó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Bí ọrùn bá gbẹ ju ikùn lọ, ojú ìlẹ̀pọ̀ ló máa là. Ẹ mọ ìyókù.

Dúdú tí a fi ń ya àwòrán sára ìkòkò ló wá kù. Ẹnì kan tún ti béèrè orúkọ ọ̀dà náà nísàlẹ̀ fídíò. Ọ̀dà kọ́! Amọ̀ pupa kan náà ni. Amọ̀ gbígbẹ kílò 1, omi lítà 2, sodium silicate (kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí amọ̀ kíkúnná tètè rì) gíráàmù 5. Ẹ pò ó, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ti òkè nìkan, ẹ da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nù. Ẹ jẹ́ kó fà títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu. Ẹ kùn ún kí ìkòkò tó gbẹ tán. Bó bá nípọn jù, á ṣí.

Nínú àwòrán ìgbéyàwó tí ẹ máa yà sára ìkòkò, ọrùn ọwọ́ ìyàwó ni ọkọ máa dì mú. Ẹ má ya àtẹ́lẹwọ́ o, mo bẹ̀ yín. Ẹ fi amọ̀ funfun kun awọ obìnrin lórí dúdú, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ ha ìṣẹ́po aṣọ.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la máa fi iná sun ún, ṣùgbọ́n ní ìpele mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé dé 800°C: pupa ni gbogbo rẹ̀. Ẹ dí ihò ààrò, ẹ ju igi tútù sí i, ẹ gbé e dé nǹkan bí 930: gbogbo rẹ̀ dúdú. Ibí ni amọ̀ kíkúnná yẹn ti ń yọ́ díẹ̀ tó sì ń dì pa. Bó bá ti ń tutù bọ̀ sí 870, ẹ ṣí ihò. Atẹ́gùn á wọ ara ìkòkò, á padà pupa. Kò ráàyè wọ ibi tó ti dì. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù! Theodor Schumann ará Jámánì ló tú àṣírí yìí ní 1942.

Bí dúdú bá di pupa rúsúrúsú, amọ̀ yín kò kúnná tó tàbí iná kò tó. Bí ara ìkòkò bá ṣì rí bí eérú, ẹ kò ṣí ihò pẹ́ tó.

Ẹ̀yin tó ń béèrè irú ìkòkò yìí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀: sàréè ẹni tó kú láìgbéyàwó ni wọ́n ń gbé irú rẹ̀ lé. Ẹ má pọnmi sí i.