Kánádà Kọjá Toronto

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àwòrán ilẹ̀ tó wà lójú yín yìí dáadáa. Ìlú St. John's nìyí, ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn Kánádà. Vancouver nìyẹn lápá òdìkejì. Orílẹ̀-èdè kan náà ni wọ́n, àmọ́ London tó wà lókè òkun sún mọ́ St. John's ju Vancouver lọ.

Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ sọ èyí ni pé àwọn èèyàn wa tó bá lọ kí ọmọ ní Brampton tàbí Calgary máa ń fẹ́ kí wọ́n mú àwọn "yí Kánádà ká" lópin ọ̀sẹ̀. Kò ṣeé ṣe. Ilẹ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 10 kìlómítà níbùú-lóòró. Nàìjíríà mẹ́wàá á wọ inú rẹ̀, àyè á sì ṣẹ́kù. Bíi mílíọ̀nù 40 èèyàn péré ló ń gbé ibẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló sì rọ̀ mọ́ ẹnubodè Amẹ́ríkà, láàárín nǹkan bí 100 kìlómítà. Ìyókù, igbó, omi àti yìnyín ni. Ìpínlẹ̀ 10 ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú agbègbè ńlá 3 ní àríwá. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní kà wọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ.

Ìlà-oòrùn ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹnikẹ́ni kì í polówó ibẹ̀ fún wa. Erékùṣù Newfoundland, níbi tí St. John's wà, kò tilẹ̀ sí lára Kánádà títí di ọdún 1949. Aago wọn gan-an dá yàtọ̀: wọ́n fi ààbọ̀ wákàtí ṣáájú àwọn aládùúgbò wọn. Tó bá di oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà, òkè yìnyín tó já kúrò ní Greenland á máa léfòó kọjá níwájú àwọn abúlé apẹja bíi Twillingate àti Bonavista. Òmíràn ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, èyí tó sì rì sábẹ́ omi ju èyí tí ojú ń rí lọ fíìfíì. Irú rẹ̀ ni ọkọ̀ Titanic kọlù lọ́dún 1912. Ní ìlú Halifax, tó wà nísàlẹ̀ díẹ̀, wọ́n sin 121 nínú àwọn tó kú sínú ibi ìsìnkú kan ṣoṣo. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí a kò kọ orúkọ sórí òkúta wọn, àyàfi nọ́ńbà àti ọjọ́ tí wọ́n kú.

Ní Newfoundland, bí yìnyín ṣe ń lọ ni àbùùbùtán ń dé, wọ́n ń lé ẹja kéékèèké wá sí etíkun. Ẹ lè dúró lórí àpáta, kí ẹ máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fẹ́ omi sókè, láìwọ ọkọ̀ kankan.

Níhà àríwá erékùṣù yẹn kan náà ni L'Anse aux Meadows wà. Àwọn Viking, atukọ̀ ayé àtijọ́ láti àríwá Yúróòpù, kọ́ ilé síbẹ̀ ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ igi tí wọ́n gé níbẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ọdún 1021 ni wọ́n gé e. Nígbà náà, ó ṣì ku ohun tó ju 400 ọdún kí wọ́n tó bí Columbus. Ẹ wá wo ẹni tí wọ́n ní ó "ṣàwárí" Amẹ́ríkà.

Bay of Fundy ló kàn, èyí tó wà láàárín New Brunswick àti Nova Scotia. Kò sí ibòmíràn láyé tí omi òkun ti ń kún tó sì ń fà tó bẹ́ẹ̀: ó lè gòkè tó mítà 16, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé apá òkun tó ya wọlẹ̀ níbẹ̀ gùn, ó sì ń tín-ín-rín bó ṣe ń lọ sókè. Lẹ́yìn náà, àkókò tí omi fi ń mì lọ mì bọ̀ nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àkókò tí òkun fi ń kún mu gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá ti ru bàsíà omi láti ẹnu ẹ̀rọ rí mọ èyí: tí ìrìn rẹ bá ti bá mímì omi náà mu, dídà ló kù. Ní Hopewell Rocks, ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn lórí ilẹ̀ òkun láàárọ̀, láàárín àwọn òkúta ńlá tí igi hù sí lórí. Tí ẹ bá padà dé lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, ọkọ̀ ojú omi lẹ máa rí níbi tí ẹ ti rìn. Wọ́n kọ wákàtí tí oníkálukú gbọ́dọ̀ ti gòkè sójú pátákó. Ẹ má fi pátákó yẹn ṣeré.

Ní ìpínlẹ̀ Quebec, Faransé ni èdè ìjọba, èyí sì máa ń rọrùn fún àwọn èèyàn wa tó ti Benin tàbí Togo wá. Ọdún 1608 ni Samuel de Champlain tẹ Quebec City dó, odi ìlú náà sì ṣì dúró ṣinṣin yí àárín gbùngbùn rẹ̀ ká. Ìtòsí ìlú yìí ni ìṣàn omi Montmorency wà, tó ga ní mítà 83. Niagara tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ kò tó 60 mítà.

Níwọ̀n bí mo ti dárúkọ Niagara, ẹ jẹ́ ká tètè parí ọ̀rọ̀ Ontario, ìpínlẹ̀ tó wà. Omi náà pọ̀ lóòótọ́, ariwo rẹ̀ ń mi àyà, àmọ́ ilé tẹ́tẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù aláriwo ló kún àdúgbò rẹ̀. Ẹ lọ, ẹ ya fọ́tò, ẹ kúrò níbẹ̀. Ilé gogoro CN Tower ti Toronto ga ní mítà 553. Ottawa, olú-ìlú, ló wù mí jù: tí ipa omi Rideau bá dì nígbà òtútù, àwọn òṣìṣẹ́ á wọ bàtà yìnyín, wọ́n á máa yọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lórí rẹ̀, fún bíi kìlómítà 8. Ní ìgbà òtútù tó bẹ̀rẹ̀ lópin ọdún 2022, yìnyín náà kò ki tó, wọn ò sì ṣí i rárá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Manitoba, Saskatchewan àti Alberta: oko àlìkámà títí lọ, ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Àwọn tó ń wakọ̀ kọjá ní ó máa ń múni tòògbé. Àmọ́ ẹ gòkè lọ sí Churchill, létí Hudson Bay. Kò sí títì tó dé ibẹ̀. Bàálù ni, tàbí rélùwéè láti Winnipeg tó ń lò tó ọjọ́ méjì. Ní oṣù Kẹwàá sí Kọkànlá, àwọn béárì funfun á kóra jọ síbẹ̀, wọ́n á máa dúró de ìgbà tí òkun á dì kí wọ́n lè lọ ṣọdẹ séálì. Ebi ti pa wọ́n látìgbà ooru. Àwọn ará ìlú kì í sábà ti ilẹ̀kùn mọ́tò pa, kí ẹni tí béárì bá ń lé lè bẹ́ sínú èyí tó bá sún mọ́ ọn. Ẹ̀wọ̀n béárì wà níbẹ̀, mi ò ṣàwàdà: èyí tó bá ń yọ àwọn aráàlú lẹ́nu, wọ́n á mú un, wọ́n á tì í mọ́lé, lẹ́yìn náà wọ́n á fi hẹlikópítà gbé e jìnnà sí ìlú. Yìnyín ti ń pẹ́ dì níbẹ̀ báyìí, iye àwọn béárì náà sì ń dín kù.

Àwọn òkè Rocky ni wọ́n ń yà sára kàlẹ́ńdà. Ọdún 1885 ni wọ́n ti ya Banff sọ́tọ̀, òun sì ni ọgbà ìjọba àpapọ̀ àkọ́kọ́ ní Kánádà. Àwọ̀ búlúù tó fara jọ ewé tí omi adágún Lake Louise ní nínú ọgbà yẹn kì í ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Yìnyín tó ń wọ́ lórí òkè ló ń lọ àpáta kúnná, tí ìyẹ̀fun rẹ̀ ń ṣàn wọnú omi, tí oòrùn sì ń tàn sí i. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: ní oṣù Karùn-ún, adágún náà sábà máa ń dì síbẹ̀. Oṣù Keje ni kí ẹ fojú sí. Ọ̀nà Icefields Parkway gba ibẹ̀ lọ sí Jasper, 230 kìlómítà, òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì. Iná igbó jó bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìlú Jasper ní oṣù Keje ọdún 2024, nítorí náà ẹ wádìí ìròyìn kí ẹ tó lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé òtútù nìkan ni Kánádà, ẹ gbọ́ ti Lytton ní British Columbia. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ooru ibẹ̀ dé dígírì 49.6. Lọ́jọ́ kejì, iná jó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú abúlé náà. Ìpínlẹ̀ kan náà ló ní Vancouver olójò, òun náà ló ní erékùṣù Haida Gwaii, níbi tí òpó igi gbígbẹ́ àwọn baba ńlá àwọn Haida ṣì dúró ní abúlé àtijọ́ SGang Gwaay. Àwọn ọmọ onílẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà. Wọ́n ní kó jẹrà padà sínú ilẹ̀ tó ti wá.

Ó wá ku àríwá. Nunavut, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1999, ju Nàìjíríà lọ ní ìlọ́po méjì, àmọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 37,000 lọ nígbà ìkànìyàn ọdún 2021. Àwọn Inuit, ọmọ onílẹ̀ àríwá, ni ọ̀pọ̀ jù lọ. Kò sí títì láti ìlú kan dé ìkejì, bàálù ló ń gbé oúnjẹ tútù wá, iye tí wọ́n ń ta èso níbẹ̀ á sì mú yín ya ẹnu. Ní Yukon, wúrà tí wọ́n rí lọ́dún 1896 ló sọ Dawson di ìlú.

Àwọn tó fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó ń jó lójú sánmà lóru, ìlú Yellowknife ní agbègbè Northwest Territories ni kí wọ́n forí lé. Ìmọ́lẹ̀ náà kì í dúró de òtútù; òru tó ṣókùnkùn àti sánmà tó mọ́ ló nílò, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi lè rí i lóṣù Kẹfà tí ilẹ̀ kì í ṣú tán. Gbogbo èèyàn ń lọ lóṣù Kìíní, nígbà tí òtútù lè dé dígírì 40 sísàlẹ̀ òdo. Oṣù Kẹsàn-án sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ: òru ti ṣú, adágún kò tíì dì, ìmọ́lẹ̀ náà á hàn lókè, á tún hàn nínú omi, jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn díẹ̀ á sì tó yín.