Bí A Ṣe Lè Dá Ewéko Àìmọ̀ Inú Àgbàlá Mọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti gbogbo ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ewéko jẹ lógún, mo kí yín.

Bí ewéko kan bá lalẹ̀ hù sí àgbàlá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín, bí ewé rẹ̀ ṣe rí ni ojú wa kọ́kọ́ ń wò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló sì ń ṣini lọ́nà jù. Lára ewéko kan ṣoṣo, ewé ìsàlẹ̀ lè gbòòrò kí ti òkè sì tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó wà lábẹ́ òjìji sì sábà máa ń fẹ̀ ju èyí tí oòrùn ń pa lọ. Ibi tí ewé ti so mọ́ ọ̀pá ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ fi ìka tẹ ewé kan sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ wo kọ̀rọ̀ tó wà láàárín ìdí rẹ̀ àti ọ̀pá. Bí ẹ bá rí ọ̀mùnú kékeré níbẹ̀, ibẹ̀ ni ewé ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ó ṣeé ṣe kí ohun tí ẹ dì mú jẹ́ apá kan lára ewé ńlá tó pín sí wẹ́wẹ́, ẹ ó sì ní láti tọ̀ ọ́ sẹ́yìn títí ẹ ó fi kan ọ̀mùnú. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò máa wá ewéko náà láàárín ẹbí tí kì í ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wò ó bóyá ewé méjì kọjú síra ní oríkèé kan, tàbí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń hù.

Ẹ yí ọ̀pá náà láàárín ìka. Ti ẹ̀fínrín, míǹtì àti àwọn ìbátan wọn sábà máa ń ní igun mẹ́rin, ewé wọn a sì kọjú síra. Ṣùgbọ́n Lantana camara, igi kékeré olódòdó kan, náà ní irú ọ̀pá àti ewé bẹ́ẹ̀, ó sì ń rùn bí a bá rún ewé rẹ̀. Èso ló ń yanjú ọ̀rọ̀ náà: ti Lantana a máa dúdú bó bá pọ́n, nígbà tí ti ẹ̀fínrín jẹ́ hóró mẹ́rin wínníwínní tó fara pamọ́ sínú àwo òdòdó. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ̀ yín pé kí ẹ ní sùúrù títí ewéko yóò fi tanná, tí yóò sì so. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ, torí oje funfun àwọn Euphorbia, ìran ewéko olóje kan, lè ṣe ojú ní jàǹbá gidigidi.

Mo fara mọ́ lílo áàpù tó ń fi fọ́tò dá ewéko mọ̀, bíi Pl@ntNet àti iNaturalist, bí a bá ya fọ́tò odidi ewéko, ojú àti ẹ̀yìn ewé, oríkèé àti òdòdó. Àbá lásán ni èsì wọn ṣá o, a kò sì gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ fi ewé kankan sẹ́nu. Conium maculatum, ewéko olóró kan tí a gbà pé òun ni májèlé tí wọ́n fi pa Socrates, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gíríìsì, ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Kristi, jọ kárọ́ọ̀tì inú igbó débi pé fọ́tò òdòdó funfun wọn nìkan lè tan ènìyàn jẹ. Ọ̀pá Conium ń dán, ó sì ní àmì aláwọ̀ àlùkò; ti kárọ́ọ̀tì ní irun.

Bí ó bá ṣì rú yín lójú, ẹ gé ẹ̀ka tó ní ewé, òdòdó àti èso, kí ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, kí ẹ gbé ohun wúwo lé e títí yóò fi gbẹ, kí ẹ sì gbé e lọ bá onímọ̀ ewéko. Kí ẹ tó tẹ́ ẹ, ẹ kọ àwọ̀ òdòdó, òórùn, gíga ewéko àti ọjọ́ tí ẹ gé e sílẹ̀, nítorí pé àwọ̀ a máa ṣá bí ewéko bá gbẹ, òórùn rẹ̀ a sì máa lọ.