Àgùàlà Kì í Ṣe Ajá Òṣùpá

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn èrò sọ lálẹ́ àríyá ìmọ̀ òfurufú ní pápá yunifásítì wa rèé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kò ráàyè wá.

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ọmọ wẹ́wẹ́ tí ẹ jókòó sórí koríko níwájú. Ìlù ṣì ń dún lọ́hùn-ún, àkàrà ń ta sánsán, n kò ní dá yín dúró pẹ́.

Àwọn àgbà ní, "Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni, Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá." Ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn la sábà máa ń fi òwe yìí sọ. Lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ ká gbé e wò bí ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run gan-an. Ẹ wo àwọn méjèèjì níwọ̀-oòrùn níbẹ̀ yẹn: òṣùpá, àti Àgùàlà, pílánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Venus lédè Òyìnbó.

Ká ní bọ́ọ̀lù ọwọ́ mi yìí ni ayé. Ọmọ mi, mú àgbálùmọ̀ ọwọ́ ẹ yẹn bọ̀, òṣùpá nìyẹn. Máa gbé e lọ síbi tó o rò pé òṣùpá wà. Rárá, kò tíì tó. Máa lọ. Máa lọ. Ó dáa, dúró níbẹ̀! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 7 sí mi, nítorí bí a bá to ayé 30 tẹ̀léra wọn, ìgbà náà la máa tó kan òṣùpá: 384,400 kìlómítà.

Àgùàlà ńkọ́? Bọ́ọ̀lù mìíràn ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ayé. Ìgbà tó bá sún mọ́ wa jù lọ pàápàá, ẹni tó gbé e dání á ní láti rìn ju 600 mítà lọ. Ẹ ò rí i pé ẹni tí wọ́n pè ní ajá yìí tóbi ju òṣùpá lọ fíìfíì!

Kí ló dé tí wọ́n fi ń rìn pọ̀? Ojú ọ̀nà tí oòrùn, òṣùpá àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ń tọ̀ lójú ọ̀run kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Oṣooṣù ni òṣùpá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àgùàlà. Ẹ tún bojú wòkè ní déédéé àkókò yìí lọ́la, òṣùpá á ti fi í sílẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà wá síbi irú alẹ́ báyìí nígbà kan. Ó gbé àtẹ rẹ̀ kalẹ̀, ó tún ìró ró, ó fi ojú kan lé tẹlisíkóòpù, ó fi ọwọ́ bo ojú kejì. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, òṣùpá lẹ kọjú ẹ̀ sí." Mo ní, "Rárá, Mà, Àgùàlà ni." Ó gbójú sókè wo ọ̀run, ó tún bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Háà! Ó rí bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé!" Ohun tó rí yẹn ni Galileo, onímọ̀ nípa ojú ọ̀run, rí ní Ítálì níparí ọdún 1610.

Ẹ lọ sídìí tábìlì tí gílóòbù iná wà: iná náà ni oòrùn, ọsàn ni Àgùàlà. Ẹ gbé ọsàn yí iná náà ká. Bí ọsàn bá wà lọ́hùn-ún, lódìkejì iná, ẹ ó rí i ní roboto, kékeré. Bó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, á máa tóbi sí i, ṣùgbọ́n ibi tí iná tàn sí lára rẹ̀ á máa tín-ín-rín bí èékánná. Ọwọ́ yín fúnra yín ló máa sọ fún yín pé oòrùn ni Àgùàlà ń yí ká.

Ẹ̀yin ọmọdé, ọpọ́n tiyín wà lábẹ́ igi. Gaàrí funfun ló wà nísàlẹ̀, ẹ̀lùbọ́ wà lórí rẹ̀. (Èyí tí kòkòrò ti jẹ ni, a kì í fi oúnjẹ ṣòfò.) Ẹ ju òkúta sí i láti òkè, kí ẹ wo bí gaàrí ṣe máa fọ́n ká bí ìtànṣán. Irú rẹ̀ ló yí kòtò Tycho ká lára òṣùpá, kòtò tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 85 kìlómítà.

Ẹ má gbàgbé páálí kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà, 10 sẹ̀ntímítà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé e dání. Bí NigeriaEduSat-1, sátẹ́láìtì yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́, ṣe mọ nìyẹn, èyí tí wọ́n tú sílẹ̀ sójú òfurufú ní oṣù Keje ọdún 2017.

N kò ní sọ bí Àgùàlà ṣe rí lálẹ́ òní fún yín. Ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn ọ̀pẹ yẹn. Ẹ tò sídìí tẹlisíkóòpù, kí àwọn ọmọdé ṣíwájú, kí ẹ fẹnu ara yín sọ ohun tí ẹ bá rí.